Ṣé òótọ́ ni pé ilẹ̀ ń sẹ́ omi kànga wa? Bí èérún náánò ṣe ń rìn lábẹ́ Abẹ́òkúta

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Abẹ́òkúta, omi kànga ilé wa ní Ọbáńtokò máa ń yí àwọ̀ padà. Ẹrẹ̀ kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ garawa, ẹ ò ní fọwọ́ kan iyanrìn kankan. Omi náà kàn rú ni, ó pọ́n díẹ̀, bí omi tí wọ́n fi ṣan igbá ògì bàbà. Ìyá mi á ní ká pọn ọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù, ká dé e di àárọ̀. Ilẹ̀ á mọ́, omi ò ní tíì tòrò. Ìgbà náà ni wọ́n á mú álọ́ọ̀mù kékeré kan, kò ju hóró ṣúgà kan lọ, wọ́n á fi ro omi yí po, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Kí ẹ̀kọ tó jinná lórí iná, omi òkè á ti mọ́ gaara, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa á ti wà ní ìdí dúrọ́ọ̀mù.

Láti kékeré ni mo ti ń wo iṣẹ́ álọ́ọ̀mù yìí láì bi ara mi léèrè ìdí tí ohun tó kọ̀ láti rọlẹ̀ láti alẹ́ fi rọlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti omi ń fà kárí ayé báyìí: ọ̀rọ̀ àwọn èérún tó kéré débi pé ojú ò lè rí wọn, bí wọ́n ṣe ń gba inú iyẹ̀pẹ̀ kọjá, àti bí wọ́n ṣe ń dé inú omi abẹ́ ilẹ̀. Àwa tí a ń mu omi kànga àti omi bọ́hòólù lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Nanoparticle ni orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n. Èérún náánò ni n ó máa pè wọ́n níbí. Èérún ohunkóhun tí ìbú rẹ̀ wà láàárín náánómítà 1 sí 100 ni. Ẹ mú mílímítà kan, ìyẹn àlàfo tó kéré jù lójú rúlà àwọn ọmọ iléèwé, kí ẹ gé e sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan: ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni náánómítà 1. Irun orí èèyàn kan ṣoṣo fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 náánómítà.

Irú èérún bẹ́ẹ̀ ti wà láyé kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n. Ó wà nínú amọ̀, ó wà nínú irin tó dógùn-ún nínú iyẹ̀pẹ̀, ó wà nínú èéfín igi ìdáná. Èyí tó jẹ́ tuntun ni èyí tí àwa èèyàn ń ṣe. Titanium dioxide, ẹ̀tù funfun kan, àti zinc oxide tí wọ́n fi síǹkì ṣe wà nínú ìpara tí àwọn kan ń fi ara wọn pamọ́ fún oòrùn. Fàdákà wà nínú ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní kì í rùn, ó sì wà nínú báńdéèjì tí wọ́n fi ń di egbò ní àwọn ilé ìwòsàn. Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ajílẹ̀ yúríà oní-náánò fún àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ ní 2021. Nílé wa níbí, àwọn olùwádìí ní yunifásítì LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ti fi obì àti èèpo rẹ̀ ṣe èérún náánò fàdákà. Ẹ tún fi ọ̀rá omi tí a ń mu tí a ń sọ nù kún un: oòrùn á pá a, á gbó, á fọ́ wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà á tún fọ́, títí yóò fi di èérún tí ojú ò rí.

Gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀nà ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà nígbẹ̀yìn. Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ ń wọ gọ́tà, gọ́tà ń wọ odò Ṣókòrí, Ṣókòrí ń wọ odò Ògùn. Èyí tí kò bá wọ gọ́tà, sókàwéè ló ń lọ, tàbí àkìtàn.

"Ilẹ̀ á sẹ́ ẹ." Gbólóhùn yìí ni mo máa ń gbọ́ tí mo bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ ọ́. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì ló ń rò: èèrí tó tóbi ju ojú aṣọ lọ á dúró sókè, ògì á kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò. Àlàfo tó wà láàárín hóró iyanrìn kan sí èkejì lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Èérún tó jẹ́ 100 náánómítà, tó jẹ́ pé òun ló tóbi jù nínú wọn, kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún àlàfo yẹn lọ. Ká ní èérún náà jẹ́ hóró ẹ̀wà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 1, àlàfo náà á jẹ́ títì tó fẹ̀ ní mítà 10, tí mọ́tò méjì á ti yà fún ara wọn láìsí wàhálà. Asẹ́ wo ló máa fi irú ihò bẹ́ẹ̀ mú ẹ̀wà?

Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn èérún yìí kì í rí ibẹ̀ kọjá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀.

Èérún tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í rìn tààrà nínú omi. Mólékù omi, ìyẹn hóró omi tó kéré jù lọ, ń lù ú láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, ó ń ṣe bí ọmọdé tó bọ́ sáàárín èrò ọjà Kútọ̀, tí wọ́n ń tì sọ́tùn-ún tì sósì. Robert Brown fi máíkírósíkóòpù rí irú ìjìjàdù yìí ní 1827, Albert Einstein sì ṣàlàyé rẹ̀ ní 1905. Bí èérún bá ṣe kéré sí i ni wọ́n ṣe ń tì í kiri sí i, bí wọ́n bá sì ṣe ń tì í kiri sí i ni yóò ṣe máa kọlu ara hóró iyanrìn sí i. Nítorí náà, nínú iyanrìn tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, èyí tó kéré jù kọ́ ló ṣòro mú jù. Èyí tó tó ẹgbẹ̀rún náánómítà, tó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pọ̀ bakitéríà, ni kì í fara kan nǹkan púpọ̀: ó ti tóbi jù fún ìtìkiri yẹn, kò sì tíì wúwo tó láti rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká kọlu nǹkan yàtọ̀ sí ká lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó ń pinnu ìlẹ̀mọ́ ni iná tó wà lára wọn, irú èyí tó ń mú irun dìde tí a bá fi kóòmù oníke ya á nígbà ọyẹ́. Nínú omi, ara hóró iyanrìn sábà máa ń ní iná nẹ́gátífù. Ọ̀pọ̀ èérún náà ní nẹ́gátífù. Oníwà kan náà ni wọ́n, wọ́n sì ń lé ara wọn sẹ́yìn bí òòfà méjì tí a kọjú imú kan náà síra. Yàtọ̀ sí èyí, èérún kọ̀ọ̀kan máa ń fi àwọn ohun tó yòrò nínú omi, irú bí iyọ̀, bo ara rẹ̀ bí agbádá. Nínú omi òjò tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀ nínú, agbádá yìí fẹ̀ gan-an, èérún méjì ò lè súnmọ́ra. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú omi, agbádá á fún pọ̀, wọ́n á lè súnmọ́ra dáadáa, nígbà tí wọ́n bá sì súnmọ́ra tán, agbára mìíràn tó ń fa ohun gbogbo mọ́ra ní itòsí á so wọ́n pọ̀. Derjaguin àti Landau ní Soviet ló kọ́kọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1941. Verwey àti Overbeek ní Netherlands náà dé ibì kan náà ní 1948. Títí di òní, orí ìṣirò wọn ni gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń dúró lé.

Kì í ṣe gbogbo iyọ̀ ló lágbára kan náà. Kálísíọ́mù ń fún agbádá yẹn pọ̀ ju sódíọ́mù lọ fíìfíì, aluminium sì tún ju kálísíọ́mù lọ. Aluminium ló wà nínú álọ́ọ̀mù. Ohun tí ìyá mi ń ṣe nínú dúrọ́ọ̀mù láàárọ̀ nìyẹn: wọ́n ń bọ́ agbádá lára èérún amọ̀ àti ti irin, kí wọ́n lè dì mọ́ra, kí wọ́n wúwo, kí wọ́n rọlẹ̀. Aluminium náà á tún ṣù bí òwú nínú omi, á gbá èyí tó kù mọ́ra lọ sísàlẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ kì í sẹ́ èérún náánò. Ó ń gbá wọn mú ni. Ohun tí ọwọ́ bá gbá mú, ọwọ́ lè tú u sílẹ̀, èyí sì ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní kànga lágbàlá mọ̀.

Ẹnu àwọn aláró ni mo ti kọ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe ń dán ìrìn èérún nínú ilẹ̀ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláró náà ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń kọ́ mi nìyẹn. Kí kọ́sítíìkì tó dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa ní Abẹ́òkúta, omi eérú ni wọ́n fi ń pa aró. Ìkòkò méjì ni: ti òkè á ní ihò nídìí, wọ́n á di eérú sínú rẹ̀, wọ́n á da omi lé e, omi eérú á máa kán tó, tó, tó, sínú ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á máa tọ́ ọ wò bó ṣe ń kán, kó lè mọ ìgbà tó ta dáadáa àti ìgbà tí agbára rẹ̀ ti tán. Nínú yàrá àyẹ̀wò, ọ̀pá gíláàsì ló dípò ìkòkò, iyanrìn tàbí iyẹ̀pẹ̀ ló dípò eérú. Wọ́n á da omi tó ní èérún náánò sí i lórí, wọ́n á máa gba èyí tó ń kán nísàlẹ̀, wọ́n á wọn iye èérún tó bá a jáde àti ìgbà tó jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, iyanrìn funfun tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní ni wọ́n fi ṣe é, èérún sì ń gbabẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wá fi iyẹ̀pẹ̀ gidi ṣe é, ọ̀pọ̀ ni kò jáde mọ́.

Iyẹ̀pẹ̀ Abẹ́òkúta jẹ́ ọ̀kan lára irú èyí tó mọ bí a ti ń gbá nǹkan mú. Ẹ wo ilẹ̀ pupa wa àti yangí: irin tó dógùn-ún ló fún un ní àwọ̀ yẹn. Irú irin bẹ́ẹ̀, nínú omi tí kò kan tí kò sì ta, iná pọ́sítífù ló máa ń ní lára. Èérún nẹ́gátífù tó bá ń kọjá lọ, á fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ìlú tó jókòó sórí iyanrìn funfun kò ní irú olùṣọ́ yìí.

Ohun méjì ni mo mọ̀ tó ń sọ olùṣọ́ yìí di aláìlágbára. Èkíní ni omi tó ti bá ewé jíjẹrà, ìgbẹ́ tàbí ìdọ̀tí àkìtàn gbé pọ̀. Àwọn ohun tó jẹrà yẹn á lẹ̀ mọ́ ara èérún, wọ́n á tún lẹ̀ mọ́ irin inú iyẹ̀pẹ̀, gbogbo wọn á di nẹ́gátífù, olúkúlùkù á sì máa lé èkejì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èérún tó ti inú sókàwéè jáde fi lè rìn jìnnà ju èyí tó bọ́ sínú omi mímọ́ lọ. Èkejì ni kọ́sítíìkì. Bí omi bá ti ta jù, irin pupa náà á pàdánù pọ́sítífù rẹ̀, á di nẹ́gátífù, sódíọ́mù inú kọ́sítíìkì á sì tún tú amọ̀ ká. Èyí ni mo ṣe máa ń bẹ àwọn àǹtí mi tó ń pa aró ní Ìtòkú pé kí wọ́n má da omi aró tó ti lò tán sí ẹ̀gbẹ́ kànga, kódà bí wọ́n bá ti rò ó pé àwọ̀ ti tán lára rẹ̀. Àwọ̀ kọ́ ni olórí wàhálà níbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí kọ́sítíìkì ti fọ̀ kò ní agbára láti di ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn mú mọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sí òjò àkọ́rọ̀. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi inú iyẹ̀pẹ̀ ń fà gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, agbádá fún pọ̀, èérún sì lẹ̀ mọ́lẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ dé, omi tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀ ya wọlẹ̀. Agbádá tún fẹ̀ padà, ohun tó ti lẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Agbára omi tó ń ya wọlẹ̀ lójijì náà ń gbá púpọ̀ lọ. Rírú tí omi kànga wa ń rú lásìkò yẹn, tí a máa ń sọ pé "òjò ló dà á rú", ìtúsílẹ̀ yìí wà lára ohun tó ń fà á. Ohun tí ń tú èérún amọ̀ sílẹ̀ náà ni yóò tú èérún fàdákà tàbí ti ike sílẹ̀, bí wọ́n bá wà níbẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ títí dé ibí, orí iyẹ̀pẹ̀ ni. Abẹ́ òkúta ni ìlú wa wà, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́.

Mo dúró ti bàbá agbẹ́kànga kan nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kànga ilé wa. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ hú jáde, ilẹ̀ pupa tẹ̀lé e, yangí tẹ̀lé ìyẹn, ó le débi pé ààkè ń dún lára rẹ̀. Lẹ́yìn yangí, amọ̀ aláwọ̀ ẹ̀fun tó ní ìlà pupa àti ìlà òféèfé nínú. Lẹ́yìn amọ̀, òkúta tó ti rà, tí a lè fi ọwọ́ fọ́.

"Bàbá, ṣé omi ti dé?"

"Kò tíì dé, ọmọ mi. Ojú àpáta lomi ń gbà wá. Bí àpáta ò bá sán, ihò lásán lo gbẹ́."

Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ òkúta kò yàtọ̀ sí tiwọn. Gíránáìtì àti irú òkúta bẹ́ẹ̀, bíi ti Olúmọ, ló wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú Abẹ́òkúta, ọjọ́ orí wọn sì ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ. Àpáta náà fúnra rẹ̀ kì í gba omi sára. Inú òkúta tó ti rà lókè rẹ̀ àti inú ibi tó ti sán ni omi wà. Kànga máa ń dúró nínú èyí tó rà. Bọ́hòólù ń wá ibi tó sán. Inú ibi tó sán, omi kì í fara kan yangí, kì í sì í fara kan irin pupa púpọ̀. Ó ń sáré gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ohun tó bá sì gbé, ó lè gbé e jìnnà. Ihò tí ikán àti gbòǹgbò igi tó ti jẹrà fi sílẹ̀ lókè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: omi á gba inú wọn lọ sísàlẹ̀ láìdúró kí ẹnikẹ́ni nínú iyẹ̀pẹ̀. (Ní ìhà gúúsù, tí a bá ń sún mọ́ Ẹwẹ́kọrò, òkúta ẹfun ni. Kálísíọ́mù inú omi ibẹ̀ á máa mú kí èérún lẹ̀ dáadáa, àmọ́ omi tún lè jẹ òkúta ẹfun di ihò.)

Ohun tó là mí lójú jù lórí ọ̀rọ̀ àpáta sísán ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1968, wọ́n dán bọ́ǹbù átọ́míìkì kan wò lábẹ́ ilẹ̀ Nevada. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé plutonium, irin olóró tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò lè rìn jìnnà, nítorí pé kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Ní 1999, àwọn onímọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn rí i nínú omi abẹ́ ilẹ̀ ní kìlómítà 1.3 sí ibi tí bọ́ǹbù náà ti bú. Kò yòrò lóòótọ́. Ó gun ẹ̀yìn èérún amọ̀ àti èérún òkúta tó kéré, ó sì bá wọn gba ojú sísán àpáta lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí pé kí ló kàn mí pẹ̀lú èérún tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ẹrù tó lè gbé ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún un. Lẹ́ẹ̀dì tó ti inú bátìrì ọkọ̀ tó bàjẹ́ jáde sórí ilẹ̀, tí iyẹ̀pẹ̀ ì bá dá dúró, lè rí ẹ̀yìn gùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan sì wà tí wàhálà tiwọn jẹ́ òdìkejì pátápátá. Láti nǹkan bí ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń fún èérún náánò irin tí kò tíì dógùn-ún sínú ilẹ̀ tí kẹ́míkà ìfọgírísì ti bà jẹ́, nítorí pé irin náà ń tú kẹ́míkà yẹn palẹ̀ di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí irin náà rìn dé ibi tí kẹ́míkà wà. Kò fẹ́ rìn. Òòfà inú irin ń fà wọ́n mọ́ra, wọ́n ń ṣù, wọ́n ń dí ọ̀nà mọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀ kànga. Wọ́n ní láti fi ohun tó fà yọ̀ọ̀ bò wọ́n lára kí wọ́n tó lè rin mítà mélòó kan. Ìtàn méjèèjì yìí, ti plutonium àti ti irin, ni kì í jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá sọ pé "wọ́n ń rìn" tàbí "wọn kì í rìn" láìbéèrè irú omi, irú iyẹ̀pẹ̀ àti irú àpáta tó ń sọ.

Ní ti ìpalára, kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bákan náà. Fàdákà ń pa bakitéríà, ìdí tí wọ́n fi ń lò ó nìyẹn, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ń mú egbò rùn àti èyí tó ń bá àgbẹ̀ tún ilẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá wọ inú ìdọ̀tí sókàwéè, ó sábà máa ń bá súfúrù inú rẹ̀ pọ̀, á sì rọ̀ jẹ́jẹ́. Síǹkì ń yòrò. Titanium dioxide kì í yòrò, ibi tó bá dé ló ń wà.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àyẹ̀wò. Bí ẹ bá gbé omi kànga lọ sí láàbù lásán, wọ́n á wo bakitéríà, wọ́n á wo iyọ̀, bóyá wọ́n á wo lẹ́ẹ̀dì àti irin. Àyẹ̀wò yẹn á sọ iye irin tó wà nínú omi, kò ní sọ bóyá ó yòrò ni tàbí èérún ló jẹ́. Ẹ̀rọ tó lè yà á sọ́tọ̀ wọ́n gan-an. Titanium sì ti wà nínú iyẹ̀pẹ̀ láti ìpilẹ̀ ayé, kí wọ́n tó mọ èyí tó ti inú ìpara wá, iṣẹ́ ńlá ni. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé jáde lórí ike wẹ́wẹ́ nínú omi mímu; ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ jù níbẹ̀ ni pé kí ìwádìí pọ̀ sí i.

Sísè omi ń pa kòkòrò, kì í yọ irin tàbí fàdákà kúrò nínú rẹ̀. Álọ́ọ̀mù, tí a bá wá fi iyanrìn sẹ́ omi náà lẹ́yìn tó bá tòrò, ń yọ púpọ̀ lára èérún wọ̀nyí, bí a kò bá lò ó jù, tí a sì jẹ́ kó rọlẹ̀ dáadáa. Mítà 30 ni ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ láàárín kànga àti sókàwéè, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà báyìí ní Abẹ́òkúta kò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí àyè bá há, ríńgì kọnkéré tó dé ìsàlẹ̀ dáadáa àti pèpéle sìmẹ́ńtì yí ẹnu kànga ká ló ń dí ihò ikán àti ihò gbòǹgbò, kí omi òkè lè gba inú ilẹ̀ pupa kọjá kó tó dé ìsàlẹ̀.

Ní ilé wa, ibi tí ìyá mi ti ń fọṣọ kò jìnnà sí kànga ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Lẹ́yìn àkọ́rọ̀ ọdún yìí, mo fi igbá bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí dúrọ́ọ̀mù hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ agbádá yẹn fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ti yé mi. Pe bíríkìlà kó wá yí gọ́tà yẹn padà sí ìhà ọ̀gẹ̀dẹ̀." Ó ti ń lọ sí ìhà ọ̀gẹ̀dẹ̀ báyìí.